Gọ́tà Kọ́ Ni Ọ̀nà Ìgbọ̀nsẹ̀: Ohun Tó Wà Lábẹ́ Ilẹ̀ ní Ọjà Àlàbá

Iṣẹ́ àpilẹ̀kọ mi dá lórí orúkọ tí àwọn oníṣòwò àti oníṣẹ́ ọwọ́ ń pe nǹkan ní Ọjà Àlàbá. Mo ti rò pé ọ̀rọ̀ spíkà, ańpù àti jẹnẹrétọ̀ ni yóò gba gbogbo àkókò mi. Omi ló dá mi dúró. Ní ọ̀sẹ̀ kejì tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í lọ, mo bi ìyá kan tó ń ta oúnjẹ lẹ́yìn ìlà àwọn onítẹlifíṣọ̀n pé, ẹ jọ̀ọ́ mà, níbo ni gọ́tà yín gbà? Wọ́n nawọ́ sí kòtò tó wà níwájú ṣọ́ọ̀bù, èyí tí omi òjò ń bá lọ. Mo tún béèrè pé, ìgbọ̀nsẹ̀ ńkọ́, ibo ni ó ń gbà? Wọ́n wò mí tìyanu-tìyanu. Wọ́n ní inú gọ́tà náà ni, àbí ibo ni mo rò pé ó tún lè gbà?

Mo kọ ọ́ sínú ìwé mi: ọ̀rọ̀ kan, ìtumọ̀ méjì. Inú akẹ́kọ̀ọ́ ẹ̀dá-èdè dùn. Ó di ìgbà tí mo délé, tí mo ń ka ohun tí mo kọ, kí n tó rí i pé ohun tí mo fi ń yọ̀ yìí lè pa èèyàn.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ ya nǹkan mẹ́ta sọ́tọ̀. Èkíní ni omi tó ń bọ̀ láti ilé-iṣẹ́ omi, èyí tí a ń pè ní omi ẹ̀rọ. Inú páìpù tó dé pa ni ó ń gbà, ẹ̀rọ ló sì ń tì í, nítorí náà ó lè gun òkè, ó sì lè yà sí ibi tó wù ú. Èkejì ni àgbàrá. Bí òjò bá rọ̀, omi á wá ọ̀nà odò, kòtò tí ojú rẹ̀ là sílẹ̀ ló sì tọ́ sí i. Ìyẹn gan-an ni gọ́tà. Ẹ̀kẹta ni omi ìdọ̀tí tó ń ti ilé ìgbọ̀nsẹ̀, balùwẹ̀ àti ilé ìdáná jáde. Èyí nílò páìpù tirẹ̀, tí wọ́n rì mọ́lẹ̀, tí wọ́n dé pa, tí yóò gbé e dé ibi tí wọ́n ti máa tọ́jú rẹ̀ kó tó dé odò. Kò sí ẹ̀rọ tó ń tì í. Ìdagẹ̀rẹ̀ ni ó fi ń ṣàn. Àwọn òyìnbó ní orúkọ kan pàtó fún ọ̀nà kẹta yìí. Àwa náà ní orúkọ fún ohun tó wà nínú rẹ̀, ó ju ẹyọ kan lọ pàápàá, ṣùgbọ́n ọ̀nà tó ń gbà kò ní orúkọ lẹ́nu wa.

Ìdí wà fún un. Ọ̀pọ̀ jù lọ ará Èkó kò rí i rí. Láti ayé àwọn agbépòó tó ń wá ru garawa ìgbọ̀nsẹ̀ lóru, a fò lọ sí ṣàlángá, lẹ́yìn náà a bọ́ sí sókàwéè, tí ọkọ̀ ńlá ń wá fà nígbà tó bá kún. Ọ̀rọ̀ agbépòó ṣì wà nínú èdè. Iṣẹ́ náà ló ti kú. Páìpù ìgbọ̀nsẹ̀ tó so ilé mọ́ ilé kò tíì dé ọ̀dọ̀ ọ̀pọ̀ èèyàn, kí ni wọ́n fẹ́ sọ lórúkọ?

Síbẹ̀, ẹ kò ní rìn jìnnà sí Àlàbá kí ẹ tó dé ibi tí wọ́n ti rì í mọ́lẹ̀. Festac Town, tí ìjọba àpapọ̀ kọ́ fún àwọn àlejò tó wá sí àjọ̀dún àṣà àwọn aláwọ̀ dúdú láti ọjọ́ 15 oṣù kìíní sí ọjọ́ 12 oṣù kejì ọdún 1977, ní páìpù omi àti páìpù ìgbọ̀nsẹ̀ lábẹ́ ilẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ìgbà àjọ̀dún yẹn náà ni ilé-iṣẹ́ omi Isashi, tó wà níhìn-ín ní Ọ̀jọ́, bẹ̀rẹ̀, láti fún Festac lómi. Mílíọ̀nù 4 gálọ̀nù lójúmọ́ ni agbára rẹ̀. Kí ẹ lè mọ bó ṣe kéré tó, ti Ìjù jẹ́ mílíọ̀nù 45, ti Adíyàn tí wọ́n ṣí ní 1991 sì jẹ́ mílíọ̀nù 70. Ìjọba kan máa ń dé, a máa ń gbọ́ pé wọ́n fẹ́ tún ilé-iṣẹ́ omi ṣe, wọ́n á ra ẹ̀rọ tuntun, wọ́n á gé ríbọ́ọ̀nù. Ẹ̀rọ rọrùn láti yà fọ́tò. Páìpù tí wọ́n rì ní 1977 ti ń súnmọ́ àádọ́ta ọdún, kò sì sí ẹni tó ń ya ìyẹn ní fọ́tò, nítorí kò hàn sójú.

Páìpù kì í pariwo nígbà tó bá ń darúgbó. Ti onírin á máa dípẹtà. Ìpẹtà náà á máa wú nínú rẹ̀ títí ihò tí ìkúùkù lè wọ̀ tẹ́lẹ̀ á fi di ihò tí ìka méjì ń fúnra wọn wọ̀. Àwọn tí wọ́n fi sìmẹ́ńtì àti asbestos ṣe láyé àtijọ́ kì í dípẹtà, ṣùgbọ́n bí àwo ni wọ́n ṣe rí: tírélà kan tó bá gun orí ilẹ̀ tí wọ́n wà lè là wọ́n. Ti rọ́bà dára jù wọ́n lọ, àmọ́ ojú ibi tí wọ́n ti lẹ̀ wọ́n pọ̀ ló ti ń jò, pàápàá bí púlọ́ńbà bá kánjú. Páìpù ìgbọ̀nsẹ̀ tí wọ́n fi kọnkéré ṣe ni tirẹ̀ yà mí lẹ́nu jù. Òkè ló ti ń jẹ, kì í ṣe ìsàlẹ̀. Afẹ́fẹ́ tó ń rùn bí ẹyin tó ti bàjẹ́ á gòkè láti inú ẹ̀gbin, á lẹ̀ mọ́ àjà páìpù níbi tó tutù, kòkòrò àìfojúrí á sọ ọ́ di ásíìdì, ásíìdì á sì máa jẹ kọnkéré náà títí àjà á fi wó. Ọjọ́ tí ojú títì bá dédé rì ni a ó tó mọ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti kan ọ̀fun wa rèé. Nígbà tí omi bá ń sáré nínú páìpù tó ti lu, omi á máa tú jáde. Òfò ni, ṣùgbọ́n òfò owó lásán ni. Nígbà tí iná bá lọ, tí ẹ̀rọ dákẹ́, agbára inú páìpù á wálẹ̀, ihò kan náà tó ń tú omi jáde á wá máa fa ohun tó yí i ká wọlé. Bí iyanrìn ló yí i ká, iyanrìn ni yóò fà. Bí gọ́tà ló gba inú rẹ̀ kọjá, gọ́tà ni yóò fà. Ẹni tó bá rìn ní Ọ̀kọ́kọ́máíkò tàbí Ìbá á ti rí páìpù rọ́bà kéékèèké tí wọ́n tẹ́ sínú gọ́tà, nítorí pé kò sí ẹni tó máa bá ẹ jà lórí ilẹ̀ gọ́tà, kò sì sí pé o ń fọ́ títì ẹnikẹ́ni. Bí ohun tó wà nínú gọ́tà bá jẹ́ àgbàrá nìkan, ewu rẹ̀ ì bá mọ níwọ̀n. Ìyá olóúnjẹ sì ti sọ fún mi ohun tó tún ń gba ibẹ̀.

Omi tó bá tún padà dé ní ìrọ̀lẹ́ á mọ́ gaara. Ojú kò lè rí kòkòrò kọ́lẹ́rà. Ní oṣù kẹfà ọdún 2024 tí ìjọba Èkó kéde pé kọ́lẹ́rà ti bẹ́ sílẹ̀, ọ̀pọ̀ wa níléèwé kọ́kọ́ sá fún zobo àti kunu. A kò ronú kan omi tí wọ́n fi pò ó.

Kí ló dé tí a kò fi yẹra fún omi ẹ̀rọ pátápátá? Ohun tí púpọ̀ wa ṣe nìyẹn. Onílé gbẹ́ bóhóòlù, ẹni tí kò ní bóhóòlù ra ti mẹ́ruwà. Mo fẹ́ràn ọ̀rọ̀ mẹ́ruwà yìí, ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí. Mai ruwa ni Hausa ń pè é, ìyẹn olómi. Bí wọ́n bá ti ju ẹyọ kan lọ, Hausa á yí mai padà sí masu. Àwa kò bá wọn yí nǹkan kan. A kàn fi "àwọn" síwájú, ó di àwọn mẹ́ruwà, bí ẹni pé abẹ́ òrùlé wa ni wọ́n ti bí ọ̀rọ̀ náà. Ìyẹn ti tó. Bóhóòlù ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀.

Nínú ilé tí mo ń gbé nígbà tí mo wà ní ọdún kẹta, mo ka ìṣísẹ̀ láti ẹnu bóhóòlù dé orí sókàwéè. Ó jẹ́ méjìlá. Mítà 30 ni ìmọ̀ràn tí àwọn onímọ̀ ìlera sábà máa ń fúnni, ìṣísẹ̀ méjìlá tèmi kò sì tó mẹ́wàá. Ọ̀jọ́ jẹ́ ilẹ̀ etí ọ̀sà: ilẹ̀ iyanrìn, omi kò jìnnà sókè. Nígbà òjò omi abẹ́ ilẹ̀ á gòkè wá bá sókàwéè nínú kòtò rẹ̀, wọn á sì jọ máa ṣe pọ̀. Mo kà á sí àwàdà, mo fi sórí WhatsApp kíláàsì wa. Sáà yẹn náà ni táífọ́ọ̀dù dá mi gúnlẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, tí mi ò lè jókòó ìdánwò méjì. Mi ò lè búra pé omi ilé yẹn ni. Mo kàn mọ̀ pé èmi nìkan kọ́ ló ṣàìsàn nínú ilé náà.

Irú ọ̀rọ̀ yìí ti ṣẹlẹ̀ sí àwọn tó lówó jù wá lọ. Ní London, lọ́dún 1854, kọ́lẹ́rà pa ọgọ́rọ̀ọ̀rún èèyàn ní àdúgbò kan ní Soho. Dókítà John Snow tọpasẹ̀ rẹ̀ dé ẹ̀rọ omi kan ní Broad Street. Nígbà tí wọ́n wá hú ilẹ̀ níkẹyìn, wọ́n rí kòtò ìgbọ̀nsẹ̀ ilé kan tí bíríkì rẹ̀ ti jẹrà, tó ń jò, tí kò sì tó ẹsẹ̀ mẹ́ta sí kànga náà.

Àwọn ará Èkó ìgbà náà lọ́hùn-ún tilẹ̀ ti sọ pé kànga tó àwọn. Ní 1908, nígbà tí ìjọba amúnisìn fẹ́ gbé omi ẹ̀rọ láti Ìjù wá tí wọ́n sì ní kí ará ìlú máa san owó omi, ìlú gbóná. Dókítà John Randle àti Dókítà Orisadipe Obasa dá ẹgbẹ́ People's Union sílẹ̀ lọ́dún yẹn, owó omi sì wà lára ohun tí wọ́n ń bá ìjọba fà. Èrò ọ̀pọ̀ èèyàn ni pé àwọn òyìnbó ni yóò jẹ àǹfààní rẹ̀ jù, ará ìlú ni yóò sì sanwó rẹ̀. Ìjù bẹ̀rẹ̀ ní 1910. Ìjà owó omi kò tán títí di 1916. Mi ò dá wọn lẹ́bi. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo bá rí bí onílé kọ̀ọ̀kan ṣe ń gbẹ́ bóhóòlù tirẹ̀, èsì 1908 náà ni mo ń gbọ́: ẹ fi páìpù yín sílẹ̀, a ní kànga. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé Èkó ayé ìgbà náà kò ní sókàwéè ní gbogbo ìṣísẹ̀ méjìlá.

Tí wọ́n bá wá fẹ́ pa páìpù Àlàbá àti agbègbè rẹ̀ rọ́pò, kí ni yóò gbà? Ní ọ̀pọ̀ ìlú, ọgbà ìgbafẹ́ ìjọba ni wọ́n máa ń gbé páìpù ńlá gbà, nítorí kò sí ilé lórí rẹ̀: ẹ hú koríko, ẹ pààrọ̀ páìpù, ẹ gbin koríko padà. Gbòǹgbò igi nìkan ni ọ̀tá ibẹ̀, ó máa ń wá omi wọ ojú ìsopọ̀ páìpù ìgbọ̀nsẹ̀. Àlàbá kò ní koríko. Ọ̀nà àárín ṣọ́ọ̀bù nìkan ló ṣẹ́ kù, ọjà sì ti kún ojú ìyẹn náà.

Ìṣòro àkọ́kọ́ ni ìdagẹ̀rẹ̀. Òfin àtijọ́ kan tí àwọn púlọ́ńbà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì mọ̀ sórí sọ pé páìpù ìgbọ̀nsẹ̀ oní-íǹṣì 4 gbọ́dọ̀ wálẹ̀ ní ẹsẹ̀ 1 nínú ẹsẹ̀ 40, oní-íǹṣì 6 ní ẹsẹ̀ 1 nínú 60. Tó bá tẹ́jú ju ìyẹn lọ, omi á lọ, ẹrù á dúró. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀. Bí ìlà ṣọ́ọ̀bù kan bá gùn tó 300 mítà, tí a lo oní-íǹṣì 6, ìparí rẹ̀ á ti fi mítà 5 jìn ju ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lọ. Ní Ọ̀jọ́, ẹ ti bá omi nílẹ̀ kí ẹ tó gbẹ́ débẹ̀. Nítorí náà, ibùdó tí ẹ̀rọ á ti máa fa ìdọ̀tí sókè láti tún bẹ̀rẹ̀ ìrìn rẹ̀ kò ṣeé yẹ̀ sílẹ̀ ní ilẹ̀ pẹrẹsẹ bíi tiwa, ẹ̀rọ yẹn sì nílò iná. Níbí ni mo ti ń rò pé ọ̀pọ̀ ètò ń kú sí: wọ́n á ra páìpù, wọn kò ní ra dísù.

Ìṣòro kejì ni àlàfo. Nínú ìlànà kan tí ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ ń tẹ̀ lé ní Amẹ́ríkà, páìpù omi gbọ́dọ̀ fi ẹsẹ̀ 10 jìnnà sí páìpù ìgbọ̀nsẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́. Níbi tí wọ́n bá ti gba orí ara wọn kọjá, omi ni yóò wà lókè, àlàfo íǹṣì 18 yóò sì wà láàárín wọn. Mo mú tépù lọ wọn ọ̀nà kan láàárín ìlà ṣọ́ọ̀bù méjì ní Àlàbá. Ẹsẹ̀ 7 ni gbogbo rẹ̀, pẹ̀lú gọ́tà. Bí ẹnikẹ́ni bá sọ pé òun fẹ́ kọ́kọ́ ṣe omi ná, kí òun tó padà wá ṣe ìgbọ̀nsẹ̀ lọ́dún mìíràn, ẹ mọ̀ pé àyè èkejì ni ó ti jẹ tán yẹn. Àfi kí wọ́n jọ ṣe méjèèjì nínú ètò kan ṣoṣo, kí wọ́n mọ èyí tó gba ọ̀nà wo, kí ẹnikẹ́ni tó gbé dígà.

Ìròyìn ayọ̀ wà. Kò dìgbà tí a bá hú gbogbo ọjà. Ní 1971, ní London, ẹnjiníà kan tó ń jẹ́ Eric Wood mú àpò gígùn tí wọ́n ti rẹ sínú oje lílẹ̀, ó tì í wọ inú páìpù ìgbọ̀nsẹ̀ tó ti gbó, ó fẹ̀ ẹ́ mọ́ ara páìpù náà, oje gan, ó di páìpù tuntun nínú ògbólógbòó. Ọgbọ́n mìíràn ni ti orí irin tí wọ́n ń fà gba inú páìpù àtijọ́: bó ṣe ń lọ ni ó ń fọ́ ọ, tó sì ń fa rọ́bà dúdú tuntun tẹ̀ lé ara rẹ̀. Kòtò méjì péré ni wọ́n nílò, ọ̀kan ní ìbẹ̀rẹ̀, ọ̀kan ní ìparí. Ẹni tó ń ta tẹlifíṣọ̀n láàárín lè máa tajà lọ.

Ohun kan ni ọgbọ́n méjèèjì ń béèrè: kí ẹ mọ ibi tí páìpù àtijọ́ wà. Níbi tí wọn kò bá ti ní àwòrán ilẹ̀ tó pé, ẹnu àwọn àgbà ni ẹ máa lọ gbọ́ ọ, àwọn púlọ́ńbà, àwọn onílé, àwọn tó ti ń tajà síbẹ̀ kí wọ́n tó bí mi. Iṣẹ́ wa nìyẹn, àwa tí a ń kọ́ bí a ṣe ń gba ọ̀rọ̀ sílẹ̀ lẹ́nu èèyàn. Ẹ rántí ìbéèrè mi àkọ́kọ́. Bí òṣìṣẹ́ kan bá dé ọjà tó ní òun ń wá ojú gọ́tà, gọ́tà òjò ni wọ́n máa fi hàn án, á sì kọ ọ́ sílẹ̀ bí ọ̀nà ìgbọ̀nsẹ̀. Nígbà tí mo yí ìbéèrè padà, tí mo ní, bí ẹ bá da omi sí ṣáńgá, ibo ló ń jáde sí, bọ̀ọ̀dá púlọ́ńbà kan mú mi rìn lọ sí ẹ̀yìn ilé mẹ́ta, ó fi bàtà gbọ́n iyanrìn kúrò lórí ọmọrí kọnkéré kan tí àwọn tó ń gbé ibẹ̀ kò mọ̀ pé ó wà.

Wàhálà mìíràn ni pé gọ́tà kì í ṣe ọ̀rọ̀ Yorùbá nìkan ní Àlàbá. Ẹni tó ń sọ Igbo ń lò ó, ẹni tó ń sọ Pidgin ń lò ó, mo sì gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn tó ń sọ Hausa àti Ògù pẹ̀lú. Ọ̀rọ̀ àyálò tí gbogbo ọjà jọ yá ni, nítorí náà gbogbo ọjà ló jọ ṣi nǹkan méjèèjì mú. Àtúnṣe tó bá jẹ́ ní Yorùbá nìkan kò lè tó.

Àwọn àgbà ẹ̀kọ́ wa kò ṣàì ṣe irú iṣẹ́ yìí rí. Ìwé èdè-ìperí Yorùbá tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀ Bámgbóṣé jẹ́ olóòtú rẹ̀ ní 1984 ni a fi ń ka iṣẹ́ wa lónìí. A ní àrànmọ́, a ní ìpajẹ. Mo lè fi Yorùbá ṣàlàyé ohun tó ṣẹlẹ̀ sí fáwẹ̀lì nígbà tí ọ̀rọ̀ méjì bá pàdé, ṣùgbọ́n n kò lè fi ọ̀rọ̀ kan pere sọ fún ìyá olóúnjẹ ohun tó yẹ kó wà lábẹ́ ṣọ́ọ̀bù wọn.

Ọ̀nà ìgbọ̀nsẹ̀ ni mo ń lò báyìí. Ó gùn díẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí mo sọ ọ́ fún tí kò yé. Mo gbé e padà lọ bá ìyá olóúnjẹ ní oṣù tó kọjá. Wọ́n ní ó dára, ó yé àwọn. Ta ni yóò wá sanwó ọjọ́ tí wọ́n bá ti ṣọ́ọ̀bù àwọn láti gbẹ́ ẹ? Mo kọ ìyẹn náà sínú ìwé mi, nítorí kò sí nínú ohun tí mo ti kà.

Ọ̀rọ̀ mẹ́tàlélógún ló wà nínú àkójọ mi báyìí, láti ọmọrí dé ojú ìsopọ̀, ní Yorùbá, Igbo àti Hausa. Apá ti Ògù ṣì ṣófo púpọ̀. Ẹ̀yin àgbà ẹ̀ka wa tí ẹ ń ṣiṣẹ́ ìtumọ̀ fún rédíò àti ìjọba, bí ẹ bá ti ní ọ̀rọ̀ tí ẹ ń lò fún ọ̀nà kẹta yìí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ránṣẹ́ sí ìgbìmọ̀ olóòtú kí sáà yìí tó parí.